Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Bá Kìnnìún Sáré Ìje?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé Johannesburg àti Pretoria, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó wọ bàlúù lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, inú ń bí mi sí yín, ọ̀rọ̀ tó sì wà nínú mi kò ṣeé bu omi là. Owó yín lẹ fi wọ igbó ọba Kruger, kò sẹ́ni tó bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n ìwà tí ẹ ń hù nínú igbó náà, tí ẹ tún ń ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé pé ká wá wò ó, òun ni mo fẹ́ bá yín wí lónìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá kàn, kó jókòó kó bá mi gbọ́ ọ. Ẹni tó bá kàn, kó má wulẹ̀ bojú wẹ̀yìn pé ta ni bàbá yìí ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Ọdún 1926 ni òfin sọ Kruger di igbó ọba ní Gúúsù Áfíríkà. Ó tóbi ju gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn lọ. Láti gúúsù rẹ̀ dé àríwá tó nǹkan bí 350 kìlómítà. Nínú igbó tó tóbi tó báyẹn, èèyàn lè wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí ju ìmpálà àti ẹyẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé pátákó sí àwọn àgọ́ bíi Skukuza, Satara àti Lower Sabie. Máàpù agbègbè ibẹ̀ ló wà lára pátákó náà. Ẹni tó bá tòde dé á lẹ àmì aláwọ̀ mọ́ ibi tó ti rí kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n tàbí ajá igbó. Ẹni tó ń jáde lọ á wò ó kó tó mú ọ̀nà. Nígbà tó di ọdún 2011, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Nadav Ossendryver dá Latest Sightings sílẹ̀, kí àwọn tó wà nínú igbó lè máa fi fóònù sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ó di áàpù, ó gbajúmọ̀, àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀.

N kò bá áàpù jà. Ọmọ tó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, orí rẹ̀ pé. Ohun tí mo rí ni pé pátákó ní ìwà kan tí fóònù kò ní: ó ń pẹ́. Ẹni tó rí kìnnìún ní aago méje òwúrọ̀, kó tó padà sí àgọ́, kó tó lẹ àmì rẹ̀, kí ìwọ tó rí i, kí o tó wakọ̀ débẹ̀, kìnnìún ti ráyè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó lè sáré torí pátákó. Fóònù ló dé tó sọ ọ́ di eré ìje. Ní ọdún 2016, SANParks, àjọ tó ń bójú tó igbó náà, kéde pé àwọn ń wá ọ̀nà láti dẹ́kun irú áàpù bẹ́ẹ̀ nínú igbó àwọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbà ni pé àwọn èèyàn ń sáré àsápajúdé, ọkọ̀ ń pa ẹran, ọ̀nà ń dí níbi tí wọ́n bá ti rí ẹran, àwọn awakọ̀ sì ń bá ara wọn jà. Ẹ gbọ́ o: nínú igbó. Ìjà tí ẹ sá fún ní Òṣòdì lẹ lọ ń jà lójú erin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan (n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀) fi fídíò kan sórí WhatsApp ìdílé wa. Òun ló ń wakọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló di fóònù mú. À ń gbọ́ ohùn ọkọ: “Kìnnìún mẹ́rin ní S100! Ẹ dì mú o!” S100 jẹ́ ọ̀nà eruku nítòsí Satara, àwọn tó mọ Kruger mọ̀ ọ́n sí ọ̀nà kìnnìún. Ìyàwó yí fóònù síwájú, mo sì rí ọwọ́ aago tó ń ka eré ọkọ̀ náà ketekete. Ó ti lé ní 80. Ní Kruger, eré tí òfin fàyè gbà lórí ọ̀nà eruku kò ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Lórí ọ̀dà, 50 ni. Mo dá fídíò náà dúró, mo tún un wò. Lápá òsì, nínú eruku, àwọn ẹyẹ dúdú ńlá mẹ́ta ń fi ẹsẹ̀ rìn kúrò lọ́nà, pẹ̀lú ọ̀fun pupa wọn. Àkàlàmàgbò ni wọ́n. Ẹyẹ yìí kì í bímọ púpọ̀; ọmọ kan ṣoṣo ni agbo wọn máa ń jùmọ̀ tọ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn nínú ọkọ̀ náà. Lórí WhatsApp, àwọn ará ilé ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́, àǹtí kan sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn lọ ṣọ́ wọn bọ̀. Mo ní, àǹtí, ẹ sọ fún un kó tẹ bíréèkì ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, ṣé ẹ mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà náà? Ahun ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ahun kò mọ̀ pé fóònù yín ti dún. Ejò ń yá oòrùn lórí ọ̀dà. Ajá igbó, tó ti ṣọ̀wọ́n gan-an láyé, kò ka ojú títì sí ohun tó burú láti sùn sí. Nítorí kẹ́ ẹ lè rí ẹranko kan, ẹ gun òmíràn kọjá. Ta ni kẹ́ ẹ wá lọ ròyìn ìyẹn fún?

Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ débẹ̀ láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀nà H4-1, tó ti Skukuza lọ sí Lower Sabie létí odò Sabie. Ẹkùn pọ̀ lápá ibẹ̀. Ẹkùn kan pa ìmpálà, ó gbé e gun igi kí ìkookò má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ rí i, ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ṣe dáadáa. Ó wá fi í sórí fóònù. Ọkọ̀ kejì dé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó gba àárín títì. Ẹkẹta gba ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Kí ọmọ aráyé tó ṣẹ́jú, súnkẹrẹ fàkẹrẹ Òjọ́ta ti ṣí lọ sí etí odò Sabie. Ẹnìkan fọn họ́ọ̀nù. Ẹnìkan yọ orí àti àyà gba fèrèsé jáde, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí apá kankan lára èèyàn má jáde kúrò nínú ọkọ̀. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ gba ihò òrùlé ọkọ̀ jáde kó lè ríran dáadáa. Ó ń fi ẹkùn han ọmọ, kò rántí pé ó ń fi ọmọ han ẹkùn. Obìnrin kan ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀pẹ̀pẹ̀ kí ẹkùn lè yíjú síbi tí kámẹ́rà wà. Ẹkùn náà wò wọ́n títí. Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú koríko lọ, oúnjẹ rẹ̀ ń rọ̀ lórí igi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan, inú ń bí wọn, wọ́n ń bú àwọn tó wà níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara yín, ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ ẹkùn nìkan ni, à bá ní ó lágbára, á tún pa òmíràn lálẹ́. Ẹranko kan wà tó jọ ẹkùn ṣùgbọ́n tó tẹ́ẹ́rẹ́, cheetah ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọ̀sán ló sábà máa ń dọdẹ, ojú ló sì fi ń ṣe é, torí náà gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dí i lójú ni ebi ń pa á. Onímọ̀ nípa ẹranko igbó kan, Femke Broekhuis, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 nípa àwọn tó wà ní Maasai Mara, ní Kenya. Níbi tí ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kò ti pọ̀, abo cheetah kan ń tọ́ ọmọ tó lé díẹ̀ ní méjì dàgbà ní ìpíndọ́gba. Níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀, ìpíndọ́gba náà jẹ́ 0.21. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìyá márùn-ún, ọmọ kan. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Kò sẹ́ni tó dẹ pàkúté. Àwọn èèyàn rere tó nífẹ̀ẹ́ ẹranko, tí wọ́n san owó, ni wọ́n fi ìfẹ́ ká ìyá àtọmọ mọ́. Òfin Maasai Mara ní kí ọkọ̀ má ju márùn-ún lọ nídìí ẹranko kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa ka ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó ka ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan tún ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ta ló kọ́ yín pé ẹranko márùn-ún péré ló wà láyé? Kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n, àgbáńréré: àwọn òyìnbó ọdẹ ayé ijọ́sí ló kó wọn jọ, torí pé àwọn ló nira jù lọ láti fi ẹsẹ̀ dọdẹ. Àkọsílẹ̀ ìbọn ni. Àwọn ọdẹ tiwa tí ń sun ìjálá, ẹ lọ gbọ́ wọn: wọ́n ń ki erin, wọ́n ń ki ẹtu, wọ́n ń ki ọ̀bọ àti ẹyẹ. Àwọn tó ń pa ẹran jẹ mọ iyì ẹtu, ẹ̀yin tí ẹ wá wòran lásán kò mọ̀ ọ́n. Máàpù yín kún fún àmì kìnnìún, àgùnfọn sì ń wò yín láti òkè bí ẹ ṣe ń kọjá lọ fẹ̀ẹ̀.

Kí wá ni máàpù wà fún? Ẹni tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo aago. Kìnnìún tó jẹun yó láàárọ̀ kò ní í lọ jìnnà. Abẹ́ igi kan nítòsí ibẹ̀ lẹ máa bá a lọ́sàn-án, ó ń sùn, kí lẹ wá ń sáré sí? Ẹkùn tí wọ́n rí ní aago mẹ́fà tó ń kọjá títì ti lọ ná, ẹ máa mu tíì yín. Àmì àná lórí ajá igbó kò já mọ́ nǹkan kan, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ń wá láti ibì kan náà lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n bímọ sí ihò nítòsí ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró pẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí i pé àmì oríṣiríṣi ń kóra jọ sí etí omi kan, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jókòó. Sunset Dam wà lẹ́bàá Lower Sabie, erinmi àti ọ̀nì wà níbẹ̀. Nítòsí Skukuza, ilé ìlúgọ kan wà létí omi tí wọ́n ń pè ní Lake Panic, níbi tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹranko wá bá a. Ẹni tó jókòó fún wákàtí kan níbẹ̀ á rí ohun tí ẹni tó ń lé àmì kiri kò ní í rí.

Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ wo fóònù; kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa kà á fún un. Ohun tí ẹ kò fojú yín rí, ẹ má fi í sórí máàpù. Bí ẹranko náà bá ti lọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lè dẹ ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí i tẹ́rùn, ẹ fún ẹlòmíràn láyè. Ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ padà sílé. Nínú oṣù kẹfà, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn àgọ́ ní Kruger. Àmì kìnnìún tó yọ lórí fóònù ní aago 4:50, ní 40 kìlómítà sí ibi tẹ́ ẹ wà, ti ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọkọ̀ àti dẹ́rẹ́bà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ máa ń di ẹ̀bi ru dẹ́rẹ́bà pé òun ló sáré, pé òun ló wọ inú koríko lọ. Ta ló sọ fún un láàárọ̀ pé bí òun kò bá rí kìnnìún, kò ní í rí owó ọwọ́ gbà? Ọmọ ọlọ́mọ ń wá oúnjẹ fún ìyàwó àtọmọ, ẹ fi owó yín tì í sínú ẹ̀ṣẹ̀, ẹ wá ń ṣe bí ẹni mímọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó dá yín dúró. Ẹ fún un lówó rẹ̀ bó bá wakọ̀ dáadáa, ẹ fi kún un bó bá kọ̀ fún yín.

Mo ti fi èyí tó wúwo jù sẹ́yìn. Mo mọ òwe tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Òótọ́ ni. Àwọn tó pa á ní ká jẹ́wọ́ ohun tí a rí. Wọn kò ní ká júwe ilé rẹ̀ fún olè. Ọdẹ wo lẹ gbọ́ rí tó dúró ní àárín ọjà, tó ń pariwo odò tí ẹran rẹ̀ ti ń mu omi?

Ní ọdún 2014 nìkan, àwọn ọdẹ olè pa àgbáńréré 1,215 ní Gúúsù Áfíríkà. 827 nínú wọn jẹ́ ti Kruger. Ìwo rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ohun tó wà nínú èékánná ọwọ́ yín náà ló wà nínú ìwo yìí, ṣùgbọ́n àwọn kan ní Vietnam àti Ṣáínà ń rà á lówó gọbọi pé oògùn ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, àmì àgbáńréré kò sí lórí àwọn pátákó àgọ́ mọ́, Latest Sightings náà kì í gbé ti àgbáńréré jáde. Kò yé mi bí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì ṣe ń ṣe ohun tí pátákó kọ̀ láti ṣe. Ẹ ya àwòrán ìyá àtọmọ, ẹ kọ orúkọ ọ̀nà sábẹ̀, ẹ fi sórí Facebook kí ọkọ̀ yín tó kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, wọn kò mọ̀ pé fóònù ti bá wọn kọ ọ́: bẹ́ ẹ kò bá pa ètò tó ń sọ ibi téèyàn wà lórí fóònù, á fi ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí gan-an pa mọ́ sínú àwòrán náà. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó wọ ẹnubodè. Àwọn tó ń fi máàpù ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Lórí ìkànnì iNaturalist, bí ẹranko tó wà nínú ewu bá wà nínú àwòrán, wọn kì í fi ibi tó wà gan-an han ayé. Inú àyíká tó fẹ̀ tó ogún kìlómítà síhà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ àmì rẹ̀ sí, kí olè wá a títí.

Ẹ má sì sọ pé ìṣòro àwọn ará gúúsù nìyẹn. Àgbáńréré dúdú ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, kò sí mọ́. Ọdún 2011 ni IUCN, àjọ tó ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, kéde pé ó ti pa rẹ́ tán. Erin ṣì wà nínú igbó ọba Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọn kò sì pọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi alùpùpù kọjá lápá ibẹ̀, bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. TikTok kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó.

Ẹ ṣe ìsinmi yín, ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ ya fọ́tò. Kìnnìún tẹ́ ẹ bá rí, ẹ lẹ àmì rẹ̀ mọ́ pátákó nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé àgọ́. Àgbáńréré tẹ́ ẹ bá rí, bó bá fara pa, ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó. Bó bá wà lálàáfíà, ẹ má sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ fún èmi náà.